Ìkànnì Ẹ̀rù Dé, Ìyá Ìyàwó Wà Nílé

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù karùn-ún ọdún 2004, ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 ní Peckham. Báǹkì họ́lídè ni, ìsinmi tí kì í sábà kan àwa tá a ń ṣọ́ ilé onílé ní London. Bàbá Ṣọlá, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ síkiọ́rítì, ló ní kí n wá. Lọ́jọ́ náà ni ìkànnì tuntun kan ń bẹ̀rẹ̀ lórí Sky, The Horror Channel, tó jẹ́ pé fíìmù adẹ́rùbani ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ní ka ìròyìn, kò ní fi bọ́ọ̀lù hàn. Ẹ̀rù ló wá tà.

Ìyàwó Bàbá Ṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń lọ kí ọmọ tuntun kì í sì í mú ọwọ́ òfo lọ, ni mo bá gba Rye Lane kọjá. Mo ra iṣu, mo ra ẹja gbígbẹ. Ní ìsọ̀ tí mo ti ra ẹja, èlùbọ́, káàdì ìpè àti fíìmù Yorùbá ni wọ́n jọ ń tà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí fìríìsà ẹran. Ọ̀sán gangan ni o, àmọ́ òru ti gànjọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n: babaláwo kan ń pọfọ̀, obìnrin aláṣọ funfun kan ń yí padà di ẹyẹ. Ọmọdé kan tí kò lè ju ọdún mẹ́ta lọ jókòó sórí àpò gàrí, ó ń jẹ bisikíìtì, kò tiẹ̀ mira. Lórí pẹpẹ ni Thunderbolt wà, èyí tí Túndé Kèlání fi sọ ọ̀rọ̀ mágùn ní 2001. Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fíìmù tí kò jẹ́ kí èmi àti àwọn àbúrò mi lè dá lọ tọ̀ lóru nígbà tá a wà ní kékeré.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ ní fíìmù adẹ́rùbani?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Rárá o. Fíìmù Yorùbá nìkan la ń tà níbí.”

Ìsọ̀ kejì ni mo ti rí ohun tí mò ń wá, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó ọjà pọ́n-ùn kan sí: Night of the Living Dead, tí George Romero gbé jáde ní 1968. Ìdí wà tí owó rẹ̀ fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Orúkọ mìíràn ni fíìmù náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń pín in kiri yí orúkọ padà, wọn ò rántí kọ gbólóhùn tó sọ ẹni tó ni ín sábẹ́ orúkọ tuntun. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ó parí, fíìmù ti di ti gbogbo ayé. Ẹni tó wù ú lè tẹ̀ ẹ́ kó tà á, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wù ú lè fi hàn láìsan kọ́bọ̀. Gbólóhùn kan péré! Mo rà á nítorí pé mo mọ̀ pé ìkànnì tuntun lè já wa kulẹ̀.

Nínú ilé Bàbá Ṣọlá, òórùn àdí àti ọṣẹ dúdú ló kọ́kọ́ pàdé mi. Bàfù ọmọ ṣì wà nílẹ̀ ní pálọ̀, kànrìnkàn wà nínú rẹ̀. Mama, ìyá ìyàwó rẹ̀, ló ti Iléṣà wá wẹ ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n bi mí léèrè bàbá àti ìyá mi. Ìgbà tí mo dìde ni mo rí ibi tí rìmóòtù wà: abẹ́ itan wọn, fíìmù àjẹ́ Yorùbá ni wọ́n sì ń wò. Ta ló fẹ́ bá ìyá ìyàwó rẹ̀ du rìmóòtù?

Bàbá Ṣọlá ti pẹ́ ní London jù mí lọ, ó sì ní ìdí tó fi ń yọ̀. Ní 1984 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé fíìmù fídíò kò gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti ń ya wọ ìsọ̀ tí wọ́n ń kó kásẹ́ẹ̀tì lọ. Fíìmù 72 ló wọ ìwé ẹ̀sùn. The Exorcist, tó ti wà láti 1973, 1999 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kó jáde ní fídíò níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, odindi ìkànnì dé. Nílé wa ńkọ́? Oṣù kẹrin ọdún 2004 náà ni NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yé fi iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí hàn. Gẹ̀ẹ́sì ń ṣílẹ̀kùn fún òkú, Nàìjíríà ń tilẹ̀kùn mọ́ wòlíì.

Nígbà tó yá, Mama gbé rìmóòtù sílẹ̀ láti gba ọmọ. Bàbá Ṣọlá ò fi falẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà. Orúkọ ìkànnì yọ. Igbe obìnrin kan tẹ̀ lé e. A ò tíì rí ojú ẹni tó ń ké tí tẹlifíṣọ̀n fi kú fin-ín.

“Ọmọ ò tíì pé ogójì ọjọ́,” ni Mama wí, “ẹ ti ń pe òkú wọlé.”

Mo rán wọn létí fíìmù àjẹ́ tí wọ́n wò lọ́sàn-án. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Nínú ìyẹn, wòlíì á dé kó tó parí. Nínú ti òyìnbó, kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà. Mi ò rí èsì fọ̀. Títí di òní, mi ò tíì ka àlàyé tó dára tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó ya fíìmù méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìgbà tí Mama wọ yàrá lọ tẹ́ ọmọ sùn, a ki DVD tí mo rà bọ inú ẹ̀rọ, a yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bá wa níbẹ̀. A ń retí ìbínú, àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò. Aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, Duane Jones, tó ń fi pákó kan fèrèsé pa, tó ń pàṣẹ fún àwọn òyìnbó tó bá a nínú ilé.

“Ọmọ wa nìyẹn?” Wọ́n jókòó.

Mo ní òkú ló ń lé wọn. Wọ́n ní àkúdàáyà kì í jẹ ènìyàn. Ìlú mìíràn ló ń lọ, á fẹ́yàwó, á máa ṣòwò, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá rí i ló ń sá. Bàbá Ṣọlá sọ fún wọn pé ṣokoléètì ṣíṣàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, torí fíìmù dúdú àti funfun ni. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n ti ń bá Duane Jones sọ̀rọ̀: “Má ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní má ṣí i!”

Ó là á já. Gbogbo àwọn yòókù kú, òun nìkan ló rí òwúrọ̀. Ó gbọ́ ìbọn àwọn tó wá gba ènìyàn là, ó yọjú lójú fèrèsé, wọ́n yìn ín níbọn síwájú orí. Wọ́n fi ìkọ́ wọ́ ọ lọ síbi iná bí ẹran. Ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King náà ni fíìmù yìí jáde.

Mama dákẹ́ pẹ́. “Òkú kọ́ ló pa á,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé rìmóòtù lé orí tábìlì níwájú wa, wọ́n wọlé lọ sùn. A ò padà tan ìkànnì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ń wá a lónìí, kó má wá orúkọ yẹn mọ́. Ní 2006 ó di Zone Horror, ní 2010 ó padà di Horror Channel, láti 2022 Legend ni wọ́n ń pè é.