Ọyẹ́ kọ́ ló ba ẹ́ńjìnnì ìlọta jẹ́, àṣírí rẹ̀ ló ń tú

Bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Èjìgbò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti agbègbè wọn, ẹ́ńjìnnì dísù tó ń lọ ata, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Ọmọọṣẹ́ á yí áńdù títí, òógùn á bò ó nínú òtútù. Alákàrà tó gbé ẹ̀wà wá kò ní dúró dè é. Ẹlẹ́rọ ìlọta mìíràn ló máa gbowó rẹ̀.

Lister ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íńdíà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Iléeṣẹ́ Lister ní Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1930, kí àwọn ará Rajkot tó máa ṣe àfarawé rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná débi tí epo fi máa ń gbiná. Irin tó tutù á fa ooru náà mu. Bí ríìngì bá sì ti jẹ, afẹ́fẹ́ á ti jò kó tó gbóná. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tiwa kì í mú tó òtútù ìlú òyìnbó. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le kò yẹ kó kọ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ooru ọ̀sán ló ń bò ó láṣìírí.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò gba owó. Ẹ má gbé fáàfù sókè, ẹ rọra yí áńdù. Bí ó bá ń ti ọwọ́ padà, afẹ́fẹ́ dúró. Bí ó bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ tẹ́tí: bí ó bá ń ṣe “ṣíì” níbi tí èéfín ń gbà jáde, fáàfù ló ń jò, bí ó bá jẹ́ láti inú àyè ọ́ìlì, ríìngì ni. Fún òwúrọ̀ ọjọ́ náà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ bá dà sí àyè omi rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́; kó má jẹ́ èyí tó ń hó, kí irin má baà sán.

Àwọn kan a máa da pẹtiróò sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ó lè bú ṣáájú àsìkò, kó ṣẹ́ ríìngì, kí áńdù sì gbá ọmọọṣẹ́ lápá. Ta ni yóò san owó ọsibítù?

Ríìngì tó jẹ tún ń fi epo ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ní 2022 nìkan, owó dísù fò ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn mìíràn sì ti yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ sọnù, wọ́n ní kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Eruku ọyẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń lọ ríìngì bí ẹni lọ ata.