Bí Ọjọ́ Orí Ṣe Ń Kan Ìfojúsọ́nà Ọpọlọ

Ọpọlọ wa kì í dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tán. Ó ti máa ń fojú sọ́nà. Bí ẹnì kan bá bá yín pàdé ní aago 7 òwúrọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé "Ẹ káà", ọpọlọ yín ti parí ìkíni náà ṣáájú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ṣe ló ń ṣọ́ ohun tó sábà ń tẹ̀ lé òmíràn. Lọ́dún 1996, olùṣèwádìí Jenny Saffran àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù 8 gbọ́ ìró tí kò nítumọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 péré. Àwọn ọmọ náà dá èyí tó máa ń rìn pọ̀ mọ̀.

Ìgbà tí ìfojúsọ́nà bá kùnà gan-an ni ọpọlọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ dopamine. Ẹ jẹ́ ká pè é ní atanilólobó. Olùṣèwádìí Wolfram Schultz rí i lára ọ̀bọ pé bí omi èso tí wọn kò retí bá dé, atanilólobó á ru sókè. Bí èyí tí wọ́n ń retí kò bá dé, á lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó tún èrò rẹ̀ ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti wọlé: láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àwọn ibi tó ń gba iṣẹ́ tí atanilólobó ń jẹ́ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, àmì pé ìfojúsọ́nà ti kùnà kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú ọpọlọ àgbà mọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, àgbà ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun. Lọ́dún 1997, àwọn olùṣèwádìí James Howard àti Darlene Howard ní kí tọ̀dọ́ tàgbà máa tẹ bọ́tìnì tẹ̀ lé àmì lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì kan ń tẹ̀ léra létòlétò, àwọn mìíràn kàn ń yọ ṣáá láàárín wọn. Àgbà náà rí ètò yẹn kọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀dọ́ jinlẹ̀ ju tiwọn lọ.

Ohun tí àgbà fi ń dí àlàfo yìí ni ìmọ̀ tó ti kó jọ. Ó dà bí awakọ̀ tó ti ń na ọ̀nà kan fún ọdún 30: bí ọ̀nà bá wà bó ṣe wà, ta ló lè bá a dù ú? Bí wọ́n bá yí ọ̀nà padà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa yà síbi àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ìka màmá yín fi ń lọ síbi tí bọ́tìnì wà tẹ́lẹ̀ bí fóònù rẹ̀ bá yí padà. Kì í ṣe agídí rárá.

Tí ẹ bá ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń lo irú fóònù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi hàn wọ́n, lọ́nà kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣìnà lọ sílé ara wọn, èyí kọjá ọjọ́ orí lásán. Ẹ mú wọn lọ rí dókítà.