Ìyá Ọlọ́mọ Tí Kò Tíì Rí Nǹkan Oṣù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ní gbangba, tí àwa olùkọ́ pẹ̀lú a sì máa fò kọjá nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í tọ́ ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe fi í sí ojú ìwé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ iṣu àti àgbàdo, kí bàbá àti ìyá lè jùmọ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa kejì pé oṣù mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní òwúrọ̀. A pè é ní ibà, a sì se àgbo. Kò wá sí ọkàn wa pé oyún ni, nítorí láti ìgbà tí ó ti bímọ kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì ń fún ọmọ ní ọmú lójoojúmọ́. Oyún ni. Wàrà dínkù, a já ọmọ lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́, ẹ̀kọ lásán ni a sì ń fún un. Kí àbúrò rẹ̀ tó dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, irun orí rẹ̀ sì ti pọ́n. Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n ọmọ púpọ̀ ni ó ti bá ọ̀nà yẹn lọ tí wọn kò padà.

Àìsàn náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Ga ń pè é hàn fún àwọn oníṣègùn ayé: kwashiorkor, èyí ni àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí ó fa wàhálà.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀ ewu yìí. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìyá ọlọ́mọ kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò sì kúrò lẹ́nu ọmú, nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Wọ́n ní àtọ̀ ọkùnrin a máa ba wàrà jẹ́. Ìdí tí wọ́n sọ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe mú ire wá: ọmọ mu ọmú yó, ara ìyá sì sinmi, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó padà di igbó kí a tó tún kọ ebè sórí rẹ̀. Lónìí, nínú yàrá kan náà ni tọkọtaya ń sùn. A ti wó ọgbà àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ òmíràn; ọmú nìkan ni a gbójú lé.

Ǹjẹ́ ọmú a máa dá oyún dúró bí? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ohun mẹ́ta bá pé. Èkínní, kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà. Èkejì, kí ó máa mu ọmú nìkan, lọ́sàn-án àti lóru, láìsí omi, àgbo tàbí ẹ̀kọ. Ẹ̀kẹta, kí ìyá má tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú obìnrin 100, bóyá 2 ni yóò lóyún ní oṣù mẹ́fà náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọgbà náà ti ṣí sílẹ̀.

Ohun tí ó tàn wá jẹ, tí ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, ni pé a rò pé oyún kò lè dé kí nǹkan oṣù tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin obìnrin ni ó ń kọ́kọ́ jáde. Bí kò bá sí oyún, nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù yóò tẹ̀ lé e. Nǹkan oṣù dà bí ipasẹ̀ àlejò: ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé àlejò ti kọjá. Nítorí náà ẹyin àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ lè jáde kí ìyá tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Àtọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún, kí ó máa dúró de ẹyin náà. Ìyá tí kò fún ọmọ ní ọmú rárá tilẹ̀ lè lóyún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Nínú tọkọtaya 100 tí kò fi nǹkan kan dáàbò bo ara wọn, nǹkan bí 85 ni yóò lóyún láàárín ọdún kan.

Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé kí ìyá dúró ó kéré tán oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún. Oyún tí ó bá yá jù a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ìyá dínkù, kí ọmọ sì dé láìpé oṣù. Ewu a máa pọ̀ sí i pẹ̀lú fún ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18, fún obìnrin tí ó ti kọjá ọdún 35, àti fún ìyá tí ó ti bímọ ju mẹ́rin lọ.

Ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni ọgbà titun. Abẹ́rẹ́ wà tí a ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀pá tín-ín-rín wà tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Lúùpù onídẹ wà tí a ń fi sínú ilé-ọmọ, tí ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Nínú obìnrin 100 tí ó lo ọ̀pá tàbí lúùpù, kò tó 1 tí ń lóyún lọ́dún. Rọ́bà ọkùnrin náà dára, ó sì ń dènà àrùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó, nǹkan bí 13 nínú 100 ni ó ń lóyún. Oògùn oníhóró wà, ṣùgbọ́n kí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń fún ọmọ ní ọmú, nítorí irú kan kò yẹ ẹ́ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Kò sí ọ̀kan nínú wọ̀nyí tí ń sọ obìnrin di àgàn: bí a bá dáwọ́ dúró, oyún a máa padà dé, bí ó tilẹ̀ lè pẹ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi iyọ̀, òrùka tàbí ìgbàdí dá ara rẹ̀ lójú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní 1980, Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní agbègbè Akínyẹlé, níbi tí a ti kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti ará abúlé láti mú oògùn ibà àti ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ti di ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bowen. Ẹ lè béèrè níbẹ̀, tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, tàbí ní ilé ìtọ́jú aláboyún tí ó bá sún mọ́ yín.

Ẹ̀yin baba ilé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Nígbà tí ìyàwó yín bá gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ fún àyẹ̀wò, ẹ bá a lọ.

Ọmọ wa kejì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di baba ọmọ nísinsìnyí. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìkómọ àkọ́bí rẹ̀, mo pè é wọ yàrá, mo sì sọ gbogbo èyí fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún èmi.