Sípíkà adúrónílẹ̀

Sípíkà adúrónílẹ̀ ni sípíkà gíga, tí ó dà bí òpó, tí àpótí rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí tábìlì tàbí pẹpẹ lábẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 120. Méjì-méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń rà wọ́n, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, láti fi gbọ́ orin tàbí láti fi wo fíìmù nínú ilé. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára sípíkà kékeré orí pẹpẹ kì í ṣe ariwo. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpótí wọn ni, nítorí afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń fún ohùn ìsàlẹ̀ ní ààyè láti jáde. Kò yẹ kí a ṣì wọ́n mú fún àwọn sípíkà ńláńlá tí wọ́n ń tò sí ìta níbi ayẹyẹ: ti ìta ni a ṣe kí ohùn lè dé etí ọ̀pọ̀ èrò ní gbangba, ti inú ilé ni a ṣe fún ènìyàn díẹ̀ tí ó jókòó sínú yàrá.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan awọ ìlù rí nígbà tí wọ́n ń lù ú ti mọ ìdajì iṣẹ́ sípíkà. Awọ ń gbọ̀n, ó ń ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìgbì náà dé etí. Nínú sípíkà, bébà líle, ike tàbí irin fẹ́lẹ́ tí a ṣe bí àrọ ni ó dípò awọ ìlù. Wáyà tí a wé yípo wà ní ìdí rẹ̀, òòfà tí ó lágbára sì yí wáyà náà ká. Bí iná tí ó ń bọ̀ láti inú áńpílífáyà ti ń yí padà nínú wáyà náà, bẹ́ẹ̀ ni agbára òòfà ń fà á sẹ́yìn tí ó sì ń tì í síwájú, àrọ náà a sì máa bá a lọ.

Awọ kan ṣoṣo kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà dáadáa. Etí ọ̀dọ́ tí kò ní àrùn lè gbọ́ ìgbọ̀n láti nǹkan bíi 20 sí 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a ń kọ báyìí: 20 Hz sí 20,000 Hz. Ìgbì 40 Hz gùn ju mítà 8 lọ nínú afẹ́fẹ́, nígbà tí ti 10,000 Hz kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ohun tí yóò ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ fún ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ohun tí yóò gbọ̀n kíákíá fún ìkejì gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì fúyẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi wúfà sí ìsàlẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, tí a ń fi tuwítà sí òkè fún ohùn òkè, tí àwọn kan sì tún ní ẹ̀kẹta fún ohùn àárín. (Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń lò fún ohùn orí fáwẹ̀lì, wọ́n bá ti sípíkà mu láìsí wàhálà.) Àkójọ wáyà wíwé àti kàpásítọ̀ kan wà nínú àpótí tí ó ń pín iná náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, crossover ni orúkọ rẹ̀.

Gíga sípíkà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń gbé tuwítà dé ibi tí etí ẹni tí ó jókòó sórí àga wà, nítorí pé ohùn òkè a máa rin gbọọrọ, ẹni tí kò bá sì sí ní ojú ọ̀nà rẹ̀ yóò pàdánù nínú rẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1925, Chester W. Rice àti Edward W. Kellogg, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí sípíkà tí ó ń lo wáyà wíwé àti awọ tí ó rí bí àrọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ RCA bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ Radiola 104. Ìlànà wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sípíkà ṣì ń tẹ̀lé títí di òní.

Ní Bell Laboratories, Albert L. Thuras ṣàkíyèsí pé ohùn tí ẹ̀yìn awọ ń mú jáde ń ṣòfò. Ó dá ihò sí ara àpótí, ó sì wọn ihò náà débi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi máa ran ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún 1932 ni ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Ihò yìí ni a ń rí níwájú tàbí lẹ́yìn púpọ̀ nínú sípíkà adúrónílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ìgò òfìfo tí ọmọdé fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́nu tí ó sì dún.

Ní 1946, Paul W. Klipsch, ará ìlú Hope ní ìpínlẹ̀ Arkansas, gbé Klipschorn jáde, àpótí ńlá kan tí ó ń fi ògiri igun yàrá ṣe apá kan ìwo rẹ̀. Ní 1954 ni Edgar Villchur àti Henry Kloss wá yí ọ̀rọ̀ padà ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. AR-1 wọn jẹ́ àpótí kékeré tí a dí pa, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣe bíi sípíríǹgì fún awọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti lérò lọ. Nígbà tí àwo orin stẹ́rìò dé ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí ilé kọ̀ọ̀kan wá nílò sípíkà méjì dípò ẹyọ kan, àpótí kékeré di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Sípíkà adúrónílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a mọ̀ lónìí jẹ́ ọmọ ìṣirò: Neville Thiele ní Ọsirélíà, ní 1961, àti Richard Small lẹ́yìn rẹ̀, fi hàn bí a ṣe lè ṣírò ohùn tí àpótí kan yóò mú jáde kí a tó gé pákó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń ṣe sípíkà lè to wúfà kékeré méjì tàbí mẹ́ta sínú òpó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì mọ ohun tí yóò rí gbà.

Ohun mẹ́ta tí kò ṣeé ní papọ̀

Josef Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní 1957, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òfin kan: àpótí kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó jinlẹ̀, àti ohùn ńlá láti inú iná díẹ̀, méjì péré ni olùṣe sípíkà lè mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sípíkà adúrónílẹ̀ ni ọ̀nà ẹni tí ó gbà láti pàdánù àpótí kékeré. Ẹni tí ó bá ní àyè nínú pálọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun kan, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé sípíkà kékeré tí a gbé sórí ìdúró gba àyè kan náà lórí ilẹ̀.

Yàrá ni ìdajì sípíkà

Níbí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò. Ìyára ohùn nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí yàrá bá gùn ní mítà 5, ìgbì tí ó gùn ní mítà 10, ìyẹn nǹkan bíi 34 Hz, yóò máa lọ bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì títí yóò fi dúró sójú kan. Lẹ́bàá ògiri, ohùn náà yóò máa hó. Ní àárín yàrá gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ènìyàn méjì lè jókòó sínú yàrá kan náà, kí ọ̀kan máa ṣàròyé pé béèsì ti pọ̀ jù, kí èkejì máa bèèrè ibi tí béèsì wà, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́. Bí ohùn ìsàlẹ̀ tí sípíkà lè gbé jáde bá ti jinlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyọnu yìí ṣe ń hàn tó. Ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i, nítorí pé wọn kì í sábà dé 34 Hz.

Ohun tí a fi kọ́ ilé tún kàn án. Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ni ògiri inú wọn jẹ́ igi àti pákó gípúsọ́ọ̀mù, tí ó ń mì díẹ̀ tí ó sì ń gba lára ohùn ìsàlẹ̀ mọ́ra. Ilé búlọ́ọ̀kù oníṣìmẹ́ńtì, irú èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í mì. Ó ń dá ohùn náà padà. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tún jẹ́ táílì, ohùn òkè náà yóò máa ta padà. Kí a pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú yàrá tí a ò tíì gbé ẹrù sí, a ó gbọ́ ọ. Kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ fèrèsé tí ó nípọn àti àga onítìmùtìmù lè pa ohùn òkè yìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe ohunkóhun sí ìgbì tí ó gùn ní mítà 10.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ohùn ìsàlẹ̀ kò gba owó. Kí a gbé sípíkà kúrò ní igun yàrá, nítorí pé igun a máa fi kún béèsì láìyẹ. Kí a fà á síwájú kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, pàápàá bí ihò rẹ̀ bá wà lẹ́yìn. Kí a sì sún àga ìjókòó kúrò ní àárín yàrá gan-an àti kúrò lára ògiri. Sẹ̀ǹtímítà ogún péré lè yí ohùn padà ju wáyà olówó gọbọi lọ. Fún orin stẹ́rìò, ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí sípíkà méjèèjì àti olùgbọ́ wà ní igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, kí a sì dojú àwọn sípíkà kọ olùgbọ́ díẹ̀.

Sinimá inú ilé

Fíìmù òde òní sábà máa ń ní ohùn oníhà márùn-ún àti ẹyọ kan sí i fún ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní 5.1. Dolby Digital gbé irú rẹ̀ wá sí ilé sinimá ní 1992 pẹ̀lú fíìmù Batman Returns, DVD sì gbé e wọ ilé lẹ́yìn rẹ̀. Sípíkà adúrónílẹ̀ méjì ń ṣe iṣẹ́ iwájú òsì àti iwájú ọ̀tún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kì í sábà gba inú wọn kọjá. Sípíkà àárín ni ó ń gbé e. Ẹni tí ó náwó sórí òpó ńlá méjì, tí ó sì fi sípíkà àárín tí kò dára dí àlàfo, yóò gbọ́ bí ilé ṣe wó nínú fíìmù, kò ní gbọ́ ohun tí bàbá ilé wí. Ó sàn kí a lo sípíkà méjì láìsí ti àárín ju kí a lo ti àárín tí kò bá wọn dọ́gba, bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan tàbí méjì ni yóò máa jókòó sí àárín. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yóò máa gbọ́ pé inú sípíkà tí ó sún mọ́ ọn ni òṣèré ti ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀. Sọ́bùwúfà, àpótí tí a yà sọ́tọ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, wà nínú ọ̀pọ̀ ètò sinimá ilé, 80 Hz sì ni ààlà tí a sábà máa ń fi fún un. Bí a bá ti gba gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ 80 Hz lọ́wọ́ òpó náà, a ti gba ohun tí a torí rẹ̀ rà á. Fún fíìmù nìkan, nínú yàrá kékeré, sípíkà kékeré dáradára àti sọ́bùwúfà kan sábà máa ń pójú owó ju òpó lọ. Sípíkà adúrónílẹ̀ ń jàre níbi tí orin ti jẹ́ olórí iṣẹ́, tí onílé kò sì fẹ́ àpótí kẹta. Okùn tí ohùn rẹ̀ kéré jù lórí gìtá béèsì jẹ́ 41 Hz, kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá lórí dùùrù píánò sì jẹ́ 27.5 Hz, òpó tí ó dára lè gbé ti gìtá láìsí ìrànlọ́wọ́.

Rírà àti níní

Kí a ka ìwé tí ó bá sípíkà wá. Nọ́ńbà tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni iye désíbẹ́ẹ̀lì tí ó ń mú jáde ní mítà kan láti inú wáàtì kan. Èyí tí ó ń mú 90 jáde nílò ìdajì iná tí èyí tí ó ń mú 87 jáde nílò fún ohùn kan náà. Ìkejì ni óòmù: bí óòmù bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni áńpílífáyà ṣe ń ṣe wàhálà tó. Áńpílífáyà kékeré tí a yí dé òpin sì lè jó tuwítà, nítorí pé ohùn tí ó ti fọ́ a máa kún fún ohùn òkè tí kò sí nínú orin.

Sípíkà tòkunbọ̀ ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Fóòmù tí ó so awọ wúfà mọ́ férémù lára ọ̀pọ̀ sípíkà àtijọ́ a máa rà lẹ́yìn bíi ọdún mẹ́wàá sí ogún. Kí a yọ aṣọ iwájú rẹ̀, kí a fi ìka tẹ fóòmù náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá ya tàbí tí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, a ó ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Fóòmù rírà kì í ba sípíkà jẹ́ pátá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó já owó sípíkà náà wálẹ̀. Áńpílífáyà tàbí sọ́bùwúfà tí ó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti iná fóòtì 120 nìkan. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230, yóò sì jó o.

Kí a fi etí rà á, kí a má fi ojú rà á. Floyd Toole àti Sean Olive tẹ ìwádìí kan jáde ní 1994: àwọn olùgbọ́ dájọ́ sípíkà nígbà tí aṣọ bò wọ́n, wọ́n sì tún dájọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń rí wọn. Ìdájọ́ yí padà, èyí tí ó tóbi tí ó sì níyì lójú gba máàkì sí i, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ojú ti bá etí dá sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú ilé tí ọmọdé wà, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣubú lù wọ́n. Kí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó gbòòrò mọ́ ọn, tàbí kí a fi okùn dè é mọ́ ògiri.

Etí àti aládùúgbò

Sípíkà tí kì í fọ́ ohùn máa ń tan ènìyàn láti yí i sókè, nítorí pé ohùn fífọ́ ni etí sábà fi ń mọ̀ pé ariwo ti pọ̀. Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà fi désíbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́ ṣe òdiwọ̀n fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì gé àkókò náà sí méjì fún désíbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta-mẹ́ta tí ó bá lé: wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 fún 91, ìṣẹ́jú 15 péré fún 100. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í san padà.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì máa ń gba ògiri kọjá jù. Ẹni tí ó wà ní yàrá kejì kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, béèsì rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́. Rọ́bà tí a fi sábẹ́ àpótí ń dín èyí tí ó ń gba inú ilẹ̀ lọ kù díẹ̀. Èyí tí ó ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ, àfi kí a yí bọ́tìnnì ohùn sílẹ̀.