Ìtutù Tí Ń Ti Inú Omi Wá: Àmù, Fáànù Olómi àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìlọrin

Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Ìlọrin, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà wá, olúkúlùkù ni ó ń mọ̀ ọ́n ní ara rẹ̀. Ètè a máa là, awọ ara a máa funfun, aṣọ tí a sá ní òwúrọ̀ a sì ti gbẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta ń tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn ọmọdé kì í lè sùn ní òru, tí tòmátì tí a ká ní àná sì ti rọ̀ kí ó tó dé ọjà. Ní àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ń ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a lè gbé láti yàrá dé yàrá, èyí tí a ó pè ní fáànù olómi. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní owó àwọn ṣòfò. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì lè máa sọ, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àmù omi tí ó wà ní igun ilé. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ti Dàda, ní Òkèlélé ní Ìlọrin, ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Amọ̀ tí a fi iná sun, tí a kò sì kùn ní ọ̀dà, ní àwọn ihò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú wọn sun jáde sí ẹ̀yìn ìkòkò díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń gbà á lọ. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àmù yóò rí i pé ó tutù. Bí a bá bu omi kan náà sínú ike, tí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù, omi inú ike yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà sun jáde.

Kí ni ó fa ìtutù yìí? Omi kò lè gbẹ láìjẹ́ pé ó gba ooru láti ibìkan. Ìyá tí ń dáná mọ èyí dájúdájú: omi kì í pẹ́ hó, ṣùgbọ́n bí ó bá fi í sílẹ̀ lórí iná títí yóò fi gbẹ tán, ooru tí yóò gbà ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí ó mú un hó lọ. Omi tí ń gbẹ ní ara àmù kò ní iná lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ó ń gba ooru lọ́wọ́ ìkòkò, àti lọ́wọ́ omi inú rẹ̀, àti lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí ó wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òógùn ṣe ń mú ara àgbẹ̀ tutù nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lábẹ́ igi.

Iṣẹ́ àmù yìí kan náà ni fáànù olómi ń ṣe, àfi pé ó yára jù ú lọ. Omi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi náà sókè, ó sì ń dà á sí ara ìwé líle onípele tàbí kànrìnkàn. Abẹ̀bẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ náà fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún omi, ó sì jáde ní títutù. Kò dà bí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá, tí ń gbé ooru inú ilé jù sí òde. Nítorí náà ni iná mànàmáná tí ó ń jẹ fi kéré púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: omi tí ó gbẹ kò ṣègbé. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ó wà. Bí a bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹ̀rọ amúlétutù, kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ yàrá yóò fi kún fún omi tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè gba òmíràn mọ́. Nígbà náà ìtutù yóò dáwọ́ dúró, òógùn ara wa pàápàá kò ní gbẹ, ìnira wa yóò sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ṣìnà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni kí ó kọjú sí fèrèsé tí ó ṣí, kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti òde wá. Kí a sì ṣí fèrèsé mìíràn tàbí ilẹ̀kùn ní òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ tí ó ti gba omi lè rí ọ̀nà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru jẹ́ ìwọ̀n 36 ti Celsius, tí omi inú afẹ́fẹ́ kò sì ju ìdá 20 nínú 100 èyí tí ó lè gbà, gbígbẹ omi lè mú afẹ́fẹ́ náà lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 20. Ẹ̀rọ inú ilé kì í dé ibẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìtura tí ó ń mú wá kì í ṣe kékeré. Ní ìgbà òjò ẹ̀wẹ̀, bí ooru bá jẹ́ ìwọ̀n 31, tí omi inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 80 nínú 100, ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kò lè mú un lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 3 lọ. Ohun èlò ẹ̀ẹ̀rùn ni fáànù olómi. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí Èkó lẹ́bàá òkun, kí ó má ṣe retí púpọ̀.

Ọ̀nà ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Rẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú omi, fún un, kí o sì fi í kọ́ sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bí ó bá tutù ní ọwọ́, tí ó sì yára gbẹ, tan ẹ̀rọ rẹ. Bí ó bá wà ní rírin títí di ìrọ̀lẹ́, pa omi rẹ̀, kí o lo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan. Àwọn kan a máa da omi dídì sínú ẹ̀rọ náà. Kò burú, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò pọ̀: ooru tí omi dídì kílò 1 ń gbà kí ó tó yọ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje èyí tí omi kílò 1 ń gbà kí ó tó gbẹ tán.

Ọgbọ́n kan náà wúlò fún àgbẹ̀ tí kò ní iná mànàmáná. Ní ọdún 1995, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìhà àríwá Nàìjíríà, tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò, gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó fi iyanrìn tútù dí àlàfo àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ó ròyìn pé ìgbá tí ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 pẹ́ tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀, àti pé tòmátì àti ata pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 3. Ní ọdún 2000 a fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí. Ní Ìlọrin níhìn-ín pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, èyí tí a mọ̀ sí NSPRI, ti ṣe irú ohun ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, ti ìkòkò àti ti bíríkì.

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó gbé ìkòkò rẹ̀ sí ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ó sì bu omi sí iyanrìn náà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó ṣa tòmátì tí kò lù, tí kò sì bó. Ọ̀kan tí ó ti bàjẹ́ yóò ba ìyókù jẹ́. Kí ó má ṣe kó àlùbọ́sà, iṣu tàbí àgbàdo gbígbẹ sínú rẹ̀, nítorí pé ibi gbígbẹ ni àwọn wọ̀nyí ń fẹ́. Kí a má sì ṣe fi ẹran tàbí ẹja tútù sí i, nítorí ìtutù rẹ̀ kò tó láti dáàbò bò wọ́n.

Ó ku ìkìlọ̀ kan, èyí tí ó ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri a máa yé sí omi tí ó dúró nínú ohun èlò ilé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, a fi ìdí ibà náà múlẹ̀ lára ọmọdé kan ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara yìí, a sì tún rí i ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ́yìn náà. Láti ẹyin títí di ìgbà tí ẹ̀fọn yóò fò, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni. Nítorí náà, kí a da omi inú ẹ̀rọ nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí a fọ inú rẹ̀ àti kànrìnkàn rẹ̀, kí a sì sá wọn sí oòrùn. Kí a bo ẹnu àmù, kí a sì máa fọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí òjò bá padà, kí a gbẹ ẹ̀rọ náà tán kí a tó gbé e pamọ́. Bí ìwọ bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, má ṣe fi í ṣeré. Kí ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà yìí lọ gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé.

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ó dúró sójú kan ní ọ̀rẹ́ búburú, ẹ̀fọn sì ni orúkọ rẹ̀. Kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ẹ̀rọ má ṣe banújẹ́. Àmù kan láti ọwọ́ amọ̀kòkò, aṣọ tútù tí a fi kọ́ sí ojú fèrèsé tí ó ṣí, àti ìmọ́tótó ilé, wọ̀nyí tó láti tu ilé lára títí òjò yóò fi dé.