Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ohun Tó Ń Sọ Ọgbọ́n Géèmù Ìjà Di Ti Ọ̀gá

Ìṣòro títẹ bọ́tìnì nìkan kọ́ ló ń sọ ọgbọ́n kan nínú géèmù ìjà di ti ọ̀gá, nítorí pé ẹni tó bá fi ara balẹ̀ dánra wò yóò mọ̀ ọ́n tẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Èyí tó ga ní tòótọ́ ni èyí tó ń béèrè pé kí òṣèré mọ ohun tó wà lọ́kàn alátakò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni parry inú Street Fighter III: 3rd Strike, níbi tí òṣèré kì í fà sẹ́yìn láti dáàbò bo ara rẹ̀, bí kò ṣe pé kí ó ti ọ̀pá ìdarí síwájú ní àkókò gan-an tí ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ bà á: bó bá bọ́ sí i, kò ní í fara pa rárá, bó bá sì ṣì í, yóò jẹ ẹ̀ṣẹ́ náà tán pátápátá. Ní ìdíje géèmù ìjà Evo ọdún 2004 ní California, ẹ̀mí Ken, ẹ̀dá inú géèmù náà tí òṣèré Daigo Umehara ń lò, ti kù tíntín, débi pé dídáàbò bo ara lásán ì bá pa á, nítorí pé ìkọlù àkànṣe ṣì ń bu ẹ̀mí díẹ̀ lára ẹni tó dáàbò bo ara rẹ̀, nígbà tí alátakò rẹ̀, Justin Wong, fi Chun-Li tirẹ̀ rọ̀jò ìkọlù 15 lé e lórí. Daigo parry gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì borí. Èyí tó yẹ kí a kíyè sí jù lọ ni ìkọlù àkọ́kọ́, tí kò ṣe é dúró wò kí a tó dáhùn: Daigo ti ní láti mọ̀ ṣáájú pé ó ń bọ̀.