Ààrò tí ń jẹ igi òwú: afẹ́fẹ́ ni kí a ṣọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówú, bí a bá ti ká òwú tán, kí a hú igi rẹ̀ kúrò lóko kí òjò tó dé, nítorí kòkòrò tí ń jẹ èso òwú a máa sá pamọ́ sínú èyí tó bá kù. Púpọ̀ nínú wa, láti Notsé dé Atakpamé, a kàn ń sun ún lẹ́bàá oko ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni èédú tí à ń fowó rà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Lomé fi ń se oúnjẹ.

Ààrò kan wà tó ní ọ̀fun dídagun. A ó gé igi òwú gbígbẹ wẹ́wẹ́, a ó dà á sínú ọ̀fun náà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ a máa lọ̀ ọ́, kí wọ́n fún un pọ̀ di hóró tí ìbú rẹ̀ tó mílímítà 6 tàbí 8. Bí ti ìsàlẹ̀ ti ń jó, ti òkè ń fi ìwúwo ara rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Ìyá oníbúkà lè yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: iná lè gun ọ̀fun padà sókè.

Afẹ́fẹ́ ló ń dá iná dúró sísàlẹ̀. Èyí tó gbóná ń gòkè, bó sì ti ń jáde ló ń fa tútù wọlé. Abẹ́ irin oníhò tí iná jókòó lé ni kí ó gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu ọ̀fun. Nítorí náà, ẹ fi ìdérí tó bò ó dáadáa dé ọ̀fun. Ìkòkò náà kò gbọdọ̀ dí ẹnu ààrò pa. Ẹ fi òkúta kéékèèké mẹ́ta gbé e sókè. Bí èéfín kò bá rí ọ̀nà lábẹ́ ìkòkò, ọ̀fun ni yóò wá lọ, iná yóò sì tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn kékeré tó wà nísàlẹ̀ ni a fi ń wọn afẹ́fẹ́. Èéfín dúdú ń rú? Ẹ ṣí i sí i. Iná ń hó yẹ̀ẹ̀, ìkòkò kò sì tètè hó? Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ó ń gbé ooru lọ; ẹ pa á dé díẹ̀. Ẹ má ṣe pa á dé pátápátá kí igi lè pẹ́. Iná tí afẹ́fẹ́ kò tó ń tú carbon monoxide jáde, tí kò ní òórùn, tó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì. Ìta tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kí a ti máa dáná.

Eérú igi òwú pọ̀ ju ti igi gidi lọ, ó sì ń dí ihò irin. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó tún dá iná. Ẹ má ṣe ju ike oògùn sí i.

Kí ẹ tó kó igi wá sílé, ẹ já gbogbo èso gbígbẹ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sun wọ́n lóko. Igi tó bá ṣì kù nígbà tí òjò bá ń bọ̀, ẹ sun ún tán.